Bí a ṣe ń fi ilé ẹ̀kọ́ ìjọba wéra ní àdúgbò kékeré: ohun tí mo kọ́ ní Àgbádárìgì

Mo ti dójú ti ara mi rí níbi ìpàdé òbí, ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn ṣáájú. Mo mú bébà kan dání lọ́jọ́ náà, mo dìde, mo ní ilé ẹ̀kọ́ girama tó wà létí títì ń kọ́ ọmọ ju èyí tó wà nídìí àgbọn lọ. Ẹ̀rí mi ni pé létí títì, ọmọ 9 nínú 10 ló gba kírẹ́díìtì márùn-ún nínú WAEC. Nídìí àgbọn, 5 péré nínú 10. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ìdí àgbọn, ìyá kan tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, wò mí títí, ó ní: "Bàbá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o. Nígbà táwọn ọmọ yẹn wà ní SS1, mélòó ni wọ́n?" Mi ò mọ̀. Ó ní: "Ẹ lọ bèèrè, kẹ́ ẹ wá padà wá bú mi."

Mo lọ bèèrè. Ọmọ 40 ló wà ní SS1 ní ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì. (Mo ti yí iye wọn padà díẹ̀ níbí, kí ẹnikẹ́ni má bàa dá ilé ẹ̀kọ́ náà mọ̀.) Nígbà tí WAEC dé, ọmọ 20 péré ni ilé ẹ̀kọ́ etí títì forúkọ wọn sílẹ̀, 18 sì yege. Ilé ẹ̀kọ́ ìdí àgbọn forúkọ ọmọ 38 sílẹ̀, 19 yege. Ẹ bá mi ṣírò ó: nínú 40 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, 18 níhìn-ín, 19 lọ́hùn-ún. Níbi tí mo ń yìn, ìdajì àwọn ọmọ ti dàwátì kí ìdánwò tó dé. Níbi tí mo ń bú, ọmọ méjì péré ló jábọ́ lójú ọ̀nà.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí bó ṣe yẹ. Àwa òbí mẹ́ta la jọ ń ṣe é, pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ kan àti bírò. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é ní àdúgbò tirẹ̀, bí a ṣe ń ṣe é nìyí.

Irú pẹ̀lú irú

Ìlú wa fẹ́ràn láti máa sọ pé ọ̀dọ̀ wa ni ilé ẹ̀kọ́ ìwé ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, lọ́wọ́ àwọn míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì, ní 1843. Ẹ lè fi ìyẹn mú àlejò rìn kiri ìlú. Ọmọ tó wà ní Àjárá lónìí ò lè fi 1843 ka ìwé.

Ẹ kọ́kọ́ kọ orúkọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ àdúgbò yín lè fẹsẹ̀ rìn dé tàbí wọ ọkọ̀ ojú omi dé. Tí wọ́n bá ti ju mẹ́rin sí márùn-ún lọ, àdúgbò yín ti tóbi jù fún ìwé kan. Lẹ́yìn náà, ẹ pín wọn sí mẹ́ta. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà lábẹ́ LASUBEB, àjọ ìjọba Èkó tó ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nípasẹ̀ ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Girama kékeré (JSS1 sí JSS3) ń parí sí BECE, ìdánwò tí ọmọ fi ń jáde níbẹ̀. Girama àgbà (SS1 sí SS3) ń parí sí WAEC àti NECO. Àwọn girama méjèèjì wà lábẹ́ Education District, ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ Èkó, ti Àgbádárìgì sì ni District V, àwa àti Ọjọ́, Amúwò-Ọ̀dọ̀fin pẹ̀lú Ajéròmí-Ìfẹ́lódùn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà rèé: l'Ékòó, Junior àti Senior lè wà nínú ọgbà kan, kí wọ́n jọ máa lo géètì kan, kí orúkọ wọn sì jọra, síbẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ méjì ni wọ́n. Pírínsípà méjì, rẹ́jísítà méjì, tíṣà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má fi BECE ti èyí bá WAEC ti ìyẹn jà.

Ẹ má sì fi ilé ẹ̀kọ́ tó ń ṣa ọmọ kó tó gbà wọ́n wé èyí tó ń gba gbogbo ọmọ àdúgbò. Model College tó wà ní Kankon, ìdánwò ni ọmọ fi ń wọ ibẹ̀, inú ọgbà ni wọ́n sì ń sùn. Ẹni tó bá gbé èsì wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀yìnkùlé wa ń fi ẹja tí wọ́n ti ṣà wé èyí tó ṣì wà nínú àwọ̀n.

Ẹ kí wọn kẹ́ ẹ tó bèèrè

Ẹ má lọ lówurọ̀ ọjọ́ Ajé. Asẹ́ńbìlì, ọmọ tó pẹ́ lẹ́yìn, òbí tó wá jà, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìsinmi ráńpẹ́ tàwọn ọmọ fi ń jẹun, ló dára jù fún wa. Ẹ lọ ní méjì, kí ọ̀kan nínú yín jẹ́ òbí tó ní ọmọ níbẹ̀, tó bá sì ṣeé ṣe kó wà nínú ìgbìmọ̀ òbí. Ẹ mú lẹ́tà olójú ìwé kan dání, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ síbẹ̀ ní pàtó: iye ọmọ nìkan, kò sí orúkọ ọmọ kankan. Ẹ tún un sọ lẹ́nu pẹ̀lú, nítorí ìbẹ̀rù tó máa ń kọ́kọ́ mú ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni pé ẹ fẹ́ gbé òun lọ sórí rédíò.

Òfin òmìnira láti mọ ohun tó ń lọ, ti 2011, fún ilé iṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ 7 láti dáhùn ìbéèrè tí a bá kọ ránṣẹ́. Ó dára kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ má fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, Mà" ti ṣí kọ́bọ́ọ̀dù fún wa ní ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ọ̀gá kẹrin ní ká lọ gba lẹ́tà wá láti District. A lọ gbà á. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n a gbà á.

Iye márùn-ún tẹ́ ẹ máa kọ

Fún girama àgbà, iye márùn-ún péré ni ẹ máa kọ fún ọdún kọ̀ọ̀kan: iye ọmọ tó wà ní SS1 nígbà tí ẹgbẹ́ náà wọlé, iye tó dé SS3, iye tí wọ́n forúkọ wọn sílẹ̀ fún WAEC, iye tó jókòó ṣe é, iye tó yege. Ẹ mú iye ìkẹyìn, kẹ́ ẹ fi iye àkọ́kọ́ pín in. Èsì yẹn ló yẹ kẹ́ ẹ gbé dání lọ sí ìpàdé. Yíyege tí wọ́n ń kéde kiri, iye ìkẹyìn tí wọ́n fi iye àwọn tó jókòó pín ni, òun ló sì dójú tì mí.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ló ń san owó WAEC fún àwọn ọmọ SS3 ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Nítorí náà, tí ọmọ bá dé SS3 tí orúkọ rẹ̀ ò sí nínú àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò, ẹ bèèrè ìdí. Ó lè jẹ́ pé àwọn òbí rẹ̀ kó lọ. Ó lè ti lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀. Ó lè ti wà ní ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, tó ń bá àwọn tó ń ṣẹ́ owó ṣiṣẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan rọra sọ fún un pé kó lọ ṣe ìdánwò níta, kó má bàa ba èsì ilé ẹ̀kọ́ jẹ́. Mẹ́ta àkọ́kọ́ kì í ṣe ẹ̀bi tíṣà. Ẹ̀kẹrin nìkan ni.

Ọ̀rọ̀ "yege" náà ní ìtumọ̀ tó pọ̀. WAEC ní ipò mẹ́sàn-án, láti A1 dé F9. A1 sí C6 ni kírẹ́díìtì. D7 àti E8, ó yege lásán ni, yunifásítì ò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ wọn. F9, ó fìdí rẹmi. Pírínsípà kan sọ fún wa pé gbogbo ọmọ òun ló yege nínú ìṣirò. Nígbà tá a wo ìwé èsì náà papọ̀, D àti E ló kún inú rẹ̀. Kò parọ́ fún wa. Àwa ni a ò sọ ohun tá à ń wá. Láti ìgbà yẹn, a ti kọ ọ́ sí ojú ìwé àkọ́kọ́ pẹ̀lú gègé pupa: kírẹ́díìtì márùn-ún, kí Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò wà nínú rẹ̀, ní ìjókòó kan.

Ẹ tún kọ ìṣirò lọ́tọ̀ àti Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Tí ilé ẹ̀kọ́ kan bá dára ní Gẹ̀ẹ́sì tó sì burú ní ìṣirò, ẹ wo ẹni tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò. Ní apá ọ̀dọ̀ wa, ìgbà púpọ̀ ni ẹni náà máa ń jẹ́ àgùnbánirọ̀. Ọ̀kan wá sí ilé ẹ̀kọ́ kan nítòsí wa, ọmọkùnrin kúkúrú kan tí àwọn ọmọ fẹ́ràn. Ìṣirò gbéra lọ́dún yẹn bí ẹni fi èéfín lé oyin. Ó pa aṣọ khaki rẹ̀ mọ́ sínú àpótí, ó lọ. Ìṣirò náà bá a lọ.

Bí ọmọ bá kéré níye, ìdá ọgọ́rùn-ún a máa parọ́

Ẹ dúró díẹ̀ síbí, nítorí ohun tó ya àdúgbò kékeré sọ́tọ̀ kúrò lára Ìkẹjà tàbí Súrùlérè nìyí. Nínú kíláàsì ọmọ 200, tí ọmọ kan bá ṣàìsàn lọ́jọ́ ìdánwò, kò sẹ́ni tó máa rí i nínú èsì. Nínú kíláàsì ọmọ 12, ọmọ kan ṣoṣo ju ìdá 8 nínú 100 lọ. Ibà kan, òkú kan nílé, ọkọ̀ ojú omi kan tí kò tètè kúrò ní Gbẹ̀rẹ̀fù, "ilé ẹ̀kọ́ ti bàjẹ́" dé nìyẹn.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Ká ní ilé ẹ̀kọ́ méjì wà, kí ọmọ máa kéré níbẹ̀ báyìí. Lọ́dún kìíní, 6 nínú 12 yege ní ti àkọ́kọ́, 7 nínú 11 ní ìkejì. Ìkejì ló dára, àbí? Lọ́dún kejì, 8 nínú 10 ní ti àkọ́kọ́, 6 nínú 13 ní ìkejì. Èyí àkọ́kọ́ ti wá ń dán bí góòlù. Ìdá 80 nínú 100 ni, ìkejì ò tó 50. Àwọn òbí á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ wọn kúrò. Lọ́dún kẹta, 7 nínú 14 ní ti àkọ́kọ́, 8 nínú 12 ní ìkejì. Ó tún ti yí padà. Ẹ wá ro ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: àkọ́kọ́, 21 nínú 36. Ìkejì, 21 nínú 36. Gbogbo owó ọkọ̀ tí àwọn òbí fi ń kó ọmọ sọ́tùn-ún sósì, lórí kí ni?

Nítorí náà, ẹ ro ọdún mẹ́ta pọ̀, ó kéré tán. Tí àròpọ̀ náà ò bá tíì pé ọmọ 30, ẹ má sọ ìdá ọgọ́rùn-ún rárá. Ẹ sọ "mélòó nínú mélòó" kí etí àwọn èèyàn lè gbọ́ bí wọ́n ṣe kéré tó. Tí ìyàtọ̀ àárín ilé ẹ̀kọ́ méjì bá jẹ́ ọmọ méjì tàbí mẹ́ta, ọ̀mì ni. Èmi gan-an máa ń fẹ́ kí ẹnì kan borí, ẹ̀jẹ̀ bọ́ọ̀lù wà lára mi, ṣùgbọ́n ọ̀mì ni ọ̀mì ń jẹ́.

Èsì tó bá sì ṣàdédé fò, tí ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ 5 ń yege nínú ìṣirò lọ́dọọdún wá di 30 lẹ́ẹ̀kan, tí gbogbo wọn sì gba ipò kan náà, ẹ kọ àmì ìbéèrè sí i, kẹ́ ẹ dúró de ọdún tó ń bọ̀.

Ibo ni ọmọ ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ tó wọ JSS1 tó ti mọ̀wé kà àti ọmọ tó wọlé láì mọ̀ ọ́n kà, èsì wọn ò lè dọ́gba lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, kódà kí tíṣà wọn jẹ́ ẹnì kan náà. Ilé ẹ̀kọ́ tó gba ọmọ tí kò lè kàwé, tó sì sọ ọ́ di ẹni tó gba C6, ti ṣiṣẹ́ ju èyí tó gba ọmọ olóye tó sì dá a padà bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà nílẹ̀ ni kẹ́ ẹ mọ ibi tí ọmọ ti bẹ̀rẹ̀, a ò sì nílò ìjọba fún ìyẹn.

Ní India, láti 2005, àwọn aráàlú ti ń wá sílé àwọn èèyàn láti mọ̀ bóyá ọmọ lè kàwé. ASER ni wọ́n ń pè é. Ilé ni wọ́n ń lọ dípò ilé ẹ̀kọ́, kí ọmọ tí kò wá sí kíláàsì lọ́jọ́ náà má bàa jábọ́ nínú ìkà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rọrùn. Ẹ kọ ohun mẹ́rin sórí bébà: lẹ́tà, ọ̀rọ̀ kéékèèké, gbólóhùn mẹ́rin tí ọmọ kíláàsì kìíní yẹ kó lè kà, àti ìtàn kékeré ti kíláàsì kejì. Gbólóhùn mẹ́rin náà ni ẹ máa kọ́kọ́ gbé fún ọmọ. Tó bá kà á geere, ẹ gbé ìtàn fún un. Tí kò bá lè kà á, ẹ padà sí ọ̀rọ̀. Tó bá ka ọ̀rọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún, ipò rẹ̀ nìyẹn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lẹ́tà. Tiwa lọ báyìí: "Ìyá Bọ̀dé ń ta àgbọn. Ó ní ewúrẹ́ méjì. Ewúrẹ́ kan jẹ iṣu wa. Ìyá Bọ̀dé ń rẹ́rìn-ín."

Ẹ fọwọ́ ara yín kọ ọ́. Ìdí rèé. Mo bá ọmọbìnrin kan tó wà ní kíláàsì kẹrin nílé wọn, ó ti ń fi ìwé kíkà rẹ̀ hàn mí kí n tó jókòó. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè sódò bíi ti tíṣà rẹ̀ gan-an. Mo fi ọwọ́ bo ojú ìwé náà. Ó ń kà á lọ. Ó ti kọ́ ọ sórí. Nígbà tí mo gbé bébà wa fún un, ó dúró sórí "Ìyá", ó wo ojú mi, ó wo ojú ìyá rẹ̀. Rẹ́jísítà sọ pé kíláàsì kẹrin ló wà. Lẹ́tà ló wà.

Ọ̀rọ̀ èdè ṣe pàtàkì púpọ̀ ní Àgbádárìgì, ó sì ń bí mi nínú bí àwọn tó ń wá láti Ìkẹjà ṣe ń fojú fò ó. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa, èdè Ògù ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ nílé. Òfin Èkó ti 2018 ní kí wọ́n máa kọ́ Yorùbá nílé ẹ̀kọ́, èmi náà sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Ògù tó wọlé ń kọ́ Yorùbá, ó tún ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èdè méjì tí ìyá rẹ̀ ò fi pọ̀n ọ́n. Ẹ má gbé "Ìyá Bọ̀dé" fún un kẹ́ ẹ wá kọ pé kò mọ̀wé. Ẹ wá ẹni tó gbọ́ Ògù láti bá yín kọ tirẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye rẹ̀ pé kì í ṣe èdè ilé rẹ̀ ló fi kà á.

Ọjọ́ ọjà ni kẹ́ ẹ lọ ka orí

Rẹ́jísítà àti orí ọmọ, ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì: ọjọ́ lásán kan, àti ọjọ́ tí ọjà Àgbálátà bá ná. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ gba àyè láti dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ẹ má wọlé, ẹ kàn ka orí. Ní kíláàsì kan tí orúkọ ọmọ 41 wà nínú rẹ̀, 36 ni mo kà lọ́jọ́ lásán. Lọ́jọ́ ọjà, 19. Tíṣà náà ò dẹ́kun kíkọ́ wọn. Ó kàn sọ fún mi pé òun kì í bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tuntun lọ́jọ́ ọjà. Ẹ ka iye ọjọ́ ọjà tó wà nínú sáà kan, kẹ́ ẹ wo iye ẹ̀kọ́ tó ń dúró.

Tẹ́ ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ ka àga. Ẹ bèèrè iye tíṣà tí ìjọba ń san owó fún àti iye tí òbí ń dáwó fún. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ní kí ọmọ tí tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ń kọ́ máà ju 35 lọ. Ẹ kọ ti yín sílẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tí tíṣà kan ń kọ́ ọmọ 70, tí èsì rẹ̀ sì bá ti ẹnìkejì dọ́gba, ẹ mọ ẹni tó yẹ kẹ́ ẹ lọ kí.

Kẹ́ ẹ tó ka èsì síta

Ẹ gbé iye náà padà fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan láti tún un ṣe. Ní ti wa, a rí àṣìṣe méjì lọ́nà yìí, ọ̀kan sì jẹ́ tèmi: ọmọ kan tún SS2 ṣe, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ má to ilé ẹ̀kọ́ ní ipò kìíní, ipò kejì. Níbi tí gbogbo wa ti mọ ara wa, ipò ìkẹyìn á di orúkọ tí wọ́n á máa pe ọmọ lójú ọ̀nà omi. Àwa máa ń ka iye ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, a ó wá bi ìbéèrè kan ṣoṣo nípa rẹ̀. Fún ti etí títì, ìbéèrè náà ni: níbo ni àwọn ọmọ 20 yẹn wà? Ìgbìmọ̀ òbí yan èèyàn mẹ́rin láti wá wọn káàkiri. Wọ́n rí 13. Mẹ́fà nínú wọn ní àwọn ṣì fẹ́ ṣe WAEC bí ẹnì kan bá lè bá àwọn forúkọ sílẹ̀.

Ìyá ìdí àgbọn fẹ̀yìn tì lóṣù keje. Kó tó lọ, ó pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó fa ìwé ńlá kan tí igun rẹ̀ ti rún jáde, iye ọmọ SS1 láti ìgbà tó ti dé ibẹ̀, ọdún kan sí ìlà kan. Ó ní kí n jókòó kí n dà á kọ, òun ò ní í fún mi ní ìwé náà. Mo ń dà á kọ, ó ń jẹ gúgúrú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nígbà tí mo dé ìlà ọdún tí mo fi bú u, ó fi ìka kan an lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń jẹ gúgúrú rẹ̀ lọ.